Bí Bàṣírù Ṣe Di Bàbá Fín

Ní Ìfọ̀nyìn tiwa yìí, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ifangni nítorí pé etí wọn kò gbé orúkọ dáadáa, bí ẹ bá ń bèèrè ilé Bàṣírù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ẹ ó rìn títí bàtà yín yóò fi jẹ tán lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ilé Bàbá Fín, ewúrẹ́ lásán yóò fi ìwo júwe rẹ̀ fún yín. Orúkọ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ àná tí kò mọ ìtàn. Àwọn kan ní afínjú ni ọkùnrin náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni, ẹ wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó ti kọ́ iṣẹ́ igbá fínfín rí nígbà èwe. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé igbá lé Bàṣírù lọ́wọ́, atẹ́gùn ni yóò fẹ́ sí i. Sinimá ló sọ ọ́ lórúkọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí, ẹni tó bá sì sọ ọ́ lọ́nà mìíràn fún yín, ẹ bi í pé bẹ́ǹṣì wo ló jókòó lé lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìlaròó ni Bàṣírù, ní òdìkejì ẹnubodè, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti jọba kí wọ́n tó kó ẹrù wọn lọ. Ó gba Ìdírókò wọlé sí ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú pọ́ńpù léjìká àti àpótí irinṣẹ́ lórí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa sọ ọ̀rọ̀ òmìnira sókè. Ẹ sì mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ gùn, tó mu ẹ̀kọ gbígbóná ní Ìlaròó láàárọ̀, ahọ́n rẹ̀ ṣì lè máa ta á nígbà tó bá dé ọjà wa. Ìyá rẹ̀ ń fi irú ránṣẹ́ sí i lọ́wọ́ àwọn aláròóbọ̀, òórùn irú náà a sì máa ṣáájú aláròóbọ̀ wọlé. Síbẹ̀, ìṣe ẹni tó la òkun méje kọjá ni Bàṣírù ń ṣe. "Èmi tí mo wà lókè òkun yìí," bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní akoto funfun kan bíi ti àwọn ajẹ́lẹ̀ àtijọ́, kì í sì í ṣí i lórí àfi tó bá fẹ́ kírun, tàbí tó bá fẹ́ fi bu omi wá ibi tí táyà ti ń jò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò kọjú sí ọ̀nà Ìgólò tó lọ sí ẹnubodè, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní àárò ilé ń sọ òun, bí ẹni pé wọn kò tíì kan ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e padà.

Nígbà tí òmìnira dé, ọdún kan náà ni ilẹ̀ méjèèjì gbà á. Ti Dàhòmì tiwa ló kọ́kọ́ dé, ní oṣù kẹjọ. Bàṣírù jó títí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ fi fò sínú kànga. Nígbà tí ti Nàìjíríà dé ní oṣù kẹwàá, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé, ó tún jó. Ó padà dé, ó ní nínú gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀, òun nìkan ni ẹni tó gba òmìnira lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn wa wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí bí akoto rẹ̀.

Èyí tó fi ń yangàn jù lọ ni sinimá. Ó ní nígbà tí òun ń lọ sí Èkó, òun wo sinimá débi pé onílé sinimá bẹ òun kí òun ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwọn ẹlòmíràn. Bọ́ràn ṣe rí ni pé ó lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ra wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ó fara ti ògiri ilé sinimá kan, ó gbọ́ ìró ìbọn àti ti ẹṣin láti inú, àwọn èèyàn inú ilé sì ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rín in lóde. Ẹni tó bá fi etí wo sinimá, ó wò ó náà. Lórí ọ̀rọ̀ èdè, ó ní kò sí èyí tí òun kò gbọ́ nínú ti àwọn òyìnbó, nítorí pé ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ló kó bá a, nítorí Sàdíátù.

Sàdíátù jẹ́ ọmọ Sàlámì, àgbẹ̀ abúlé Lagbé, baba tí kò ga ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ ń dé ibi tí kò tíì dé. Ọmọbìnrin náà ti lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Ìfọ̀nyìn, ó kàwé Faransé débi pé ó ń ka ara páálí sáàdínì fún gbogbo ilé. Òun ló máa ń ti kẹ̀kẹ́ baba rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Bàṣírù kó bá wọn lẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀nà Lagbé kò ní ẹ̀gún tó bẹ́ẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ Sàlámì ń jò ju ti gbogbo Lagbé lọ, ihò rẹ̀ sì máa ń rí róbótó bí ihò tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lu. Bàṣírù kò bèèrè. Yóò lẹ̀ ẹ́, yóò sì fẹ́ ẹ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Sàdíátù yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa fi akoto rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, oòrùn yóò sì wọ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan nínú wọn rí i.

Nígbà tó di pé ọ̀rọ̀ pọ̀ ju táyà lọ, Bàṣírù lọ bá Sàlámì ní Lagbé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ohun tó gbé e wá. Sàlámì kò bi í nípa ìdílé rẹ̀, kò bi í nípa ìrun kíkí. Ohun kan ṣoṣo ló bi í: ṣé ó gbọ́ Faransé?

Baba náà ní ìdí. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé gààrí gba Ìgólò lọ sí Ìdírókò láìsí ẹni tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òmìnira, ẹnubodè di ẹnubodè tòótọ́. Àwọn aṣọ́bodè dé, ọmọ adúláwọ̀ bíi tiwa, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n ń sọ, bí ẹni pé èdè náà ni wọ́n fi pọ̀n wọ́n. Wọ́n bi Sàlámì ní ìbéèrè lọ́jọ́ kan. Ó ti gbọ́ pé èèyàn rere ni ẹni tó bá ń dáhùn pé "wí", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń dáhùn wí, wí, wí. Àṣé wọ́n ń bi í bóyá tábà tí kò sanwó bodè ni ó tọ́jú sísàlẹ̀ gààrí. Wọ́n da gbogbo àpò náà sílẹ̀ láti wá a. Ẹyẹlé Ìgólò jẹ gààrí lọ́jọ́ náà, wọ́n mu omi sí i, wọn kò lè fò mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Láti ìgbà yẹn ni Sàlámì ti búra pé ẹni tí yóò fẹ́ Sàdíátù gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú aṣọ́bodè kó sì gba ẹnu òun sọ̀rọ̀. Kò fẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa bá àwọn oníṣòkòtò péńpé jiyàn lójú ọ̀nà.

Bàṣírù mọ "bọ̀ńjúù" tí wọ́n fi ń kíni, ó mọ "mẹsí" tí wọ́n fi ń dúpẹ́, ó mọ orúkọ àwọn irú kẹ̀kẹ́ mẹ́ta kan. Ó dìde, ó gbọn eruku orókún rẹ̀, ó ní òun gbọ́ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Sàlámì mi orí. Àgbẹ̀ kì í fi ojú ewé ra iṣu. Ó ń dúró de ìgbà tí yóò wú u wò.

Kò pẹ́ rárá tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Honoré fi dé láti Àjàṣẹ́ pẹ̀lú sinimá nínú mọ́tò. Ó gba mágásì èkùrọ́ tó wà lẹ́bàá ọjà, ilé ńlá tí wọ́n ń kó èkùrọ́ jọ sí kí ọkọ̀ tó wá gbé e. Nítorí pé ọ̀sán ọjọ́ ọjà ló fẹ́ fi í hàn, ó ní kí wọ́n fi àpò dí gbogbo fèrèsé pa kí inú ilé lè ṣókùnkùn. Ó ta aṣọ funfun sára ògiri, ó gbé ẹ́ńjìnì iná sí ẹ̀yìn ilé, ó wá ẹni tó mọ̀wé tí yóò máa ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni wọ́n fi hàn án? Sàdíátù.

Sàlámì gbọ́, ojú rẹ̀ là. Ó ránṣẹ́ pe Bàṣírù. Ó ní lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì yóò jọ wọlé sinimá, Bàṣírù yóò sì máa sọ gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó bá ń wí fún òun ní Yorùbá. "Bó bá yé mi," ó ní, "o ti ríyàwó. Bí kò bá yé mi, kẹ̀kẹ́ mi yóò máa lọ gba atẹ́gùn ní Sákétè."

Bàṣírù ní kò sí wàhálà níbẹ̀. Ó délé, kò lè jẹun. Wọ́n ní ó ki orí bọ inú akoto rẹ̀, ó ń kọ́ "bọ̀ńjúù" sínú rẹ̀ kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún padà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó wọlé. Ní àsìkò yẹn gan-an ni àwọn olóògùn ẹ̀fọn ń gba ìlú kiri. Wọ́n á gbé garawa tó ní ẹ̀rọ pọ̀n sẹ́yìn, wọ́n á fi aṣọ dí imú, wọ́n á ní kí ẹ dí fèrèsé, kí ẹ sì jáde, wọ́n á wá fín gbogbo ilé. "Wọ́n ti fín yín?" ni àwọn èèyàn fi ń kí ara wọn. Ẹ̀fọn ń kú, ìdun ń kú, ìlú sì ń sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n adìẹ Sàlámì kan ṣa aáyán tó ti kú jẹ lẹ́yìn tí wọ́n fín ilé rẹ̀, adìẹ náà kò sì jí lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó ló pa á. Sàlámì kò gbà. Láti ọjọ́ náà, bó bá gbọ́ "fín" lásán, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí imú.

Ọjọ́ ọjà pé. Lẹ́yìn ìrun Àíla, Sàlámì dé ẹnu ọ̀nà mágásì pẹ̀lú adìẹ tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó so ó lẹ́sẹ̀, ó gbé e sábẹ́ apá. Bàṣírù ń tẹ̀ lé e, ó ti fi epo pa akoto rẹ̀ títí ó fi ń dán.

Sàdíátù wo adìẹ náà. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gbé adìẹ wọ sinimá ni?"

"Kò ní bẹ́ǹṣì lò," ni Sàlámì wí. "Orí itan mi ni yóò ti wò ó."

Sàdíátù wá yíjú sí Bàṣírù, ó rọra sọ fún un pé kó ṣe jẹ́jẹ́ o, òun yóò máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Bàṣírù dáhùn pé "mẹsí", èyí tí kò bá ọ̀rọ̀ mu.

Wọ́n jókòó sí àárín. Inú ilé kún fún ará ọjà, àwọn obìnrin gbé agbọ̀n wọn sí ẹsẹ̀, eruku èkùrọ́ ń mú gbogbo ènìyàn húkọ́. Honoré fi áńkáṣíìfù so imú, ó ti ilẹ̀kùn, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ilé, ìmọ́lẹ̀ sì bọ́ sójú aṣọ. Àwọn lẹ́tà kan jáde, wọ́n ń gòkè bí èèrà tó ń gun ògiri.

Sàlámì fi ìgúnpá gbún un. Ó bi í pé kí ni wọ́n kọ.

Ojú àlejò ní í tóbi, kì í fi ríran. Bàṣírù la ojú títí omi fi jáde nínú rẹ̀, kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó mọ̀. Ilé ìwé tó lọ ní Ìlaròó, Yorùbá ni wọ́n kọ́ ọ kà níbẹ̀. Ó ní wọ́n ń kí àwọn káàbọ̀ ni, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má tutọ́ sílẹ̀. Sàlámì ní ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó gbé itọ́ tó ti kó jọ mì.

Obìnrin òyìnbó kan wá yọ, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ fà ro. Bàṣírù ń wá ohun tí yóò sọ. Ọlọ́run kì í fi ẹrú rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wọlé. Nígbà tí Bàṣírù rí kẹ̀kẹ́, àyà rẹ̀ balẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ṣí bí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni, àlejò ni nílùú náà, kò sì sí oníwà bíi tirẹ̀. Obìnrin yẹn ló fẹ́ fẹ́.

Arúgbó kan wá wọlé pẹ̀lú báàgì dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú ní ọrùn ọwọ́, ó mi orí.

"Baba ìyàwó nìyẹn," ni Bàṣírù wí. "Ó ní òun kò lè fi ọmọ òun fún ẹni tó ti òkè òkun wá."

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́," ni Sàlámì dáhùn.

Bàṣírù ní kí baba ṣì dúró kí ọ̀rọ̀ dé ibi tó ń lọ. Sàlámì ní òun ti rí ibi tó ń lọ, arúgbó náà jọ ẹni tó ní làákàyè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan tó ń ta iyọ̀ dá sí i láti ẹ̀yìn, ó ní baba tó bá ń lé ọkọ ọmọ ni yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọmọ náà títí ayé. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Kí sinimá tó dé ìdajì, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn àwọn òyìnbó mọ́ nínú mágásì náà. Bàṣírù ni gbogbo wọn ń gbọ́. Àwọn akọ̀wé méjì tó gbọ́ Faransé dáadáa tilẹ̀ yíjú kúrò lára aṣọ, wọ́n kọ etí sí i, nítorí pé ìtàn tirẹ̀ dùn ju èyí tí wọ́n ń wò lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ojú aṣọ sáré nínú òjò, ó wọ rélùwéè, ó ń bẹ ẹni gbogbo. Bàṣírù ní owó ìdána ló ń wá kiri, baba ìyàwó ló ń ni í lára. Sàlámì yí ara padà lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà dé pẹ̀lú ìgò kékeré kan. Arúgbó dà á sínú ṣíbí, ó fi fún obìnrin náà, ó mu ún. Sàlámì bèèrè bóyá ọtí ni. Bàṣírù rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó yára ní oyin ni, oyin ìdána. Sàlámì ní oyin yẹn mà kéré o. Bàṣírù ní ahun ni àwọn òyìnbó. Ìyẹn yé gbogbo ilé.

Obìnrin náà wá rẹ́rìn-ín. Arúgbó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó fi aṣọ nu ojú. Bàṣírù rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní baba náà ń kábàámọ̀ pé òun ti dá àwọn ọmọ dúró pẹ́ jù, ó ní àlejò tó fẹ́ràn ọmọ ẹni, ó ti di ọmọ ẹni.

Ẹnìkan fa imú. Sàlámì ń fi ọwọ́ pa adìẹ rẹ̀ lórí, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì, ó yé mi."

Ẹ̀yin ará, ọmọ ti dé ọwọ́. Ká ní Bàṣírù pa ẹnu dé ní àkókò yẹn ni, ká ní ó tẹ́ ètè méjèèjì léra bí ẹni lẹ táyà, ìtàn ìbá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta gbàràmù-gbaramu jáde sójú aṣọ, wọ́n kún un láti etí dé etí: FIN.

Sàlámì bèèrè, kò tilẹ̀ ní ohun búburú lọ́kàn, pé kí ni wọ́n tún kọ yẹn.

Láti ọ̀sán ni Bàṣírù ti ń rìn láàárín lẹ́tà àjèjì bí ẹni tó ṣìnà lọ́jà, kò rí ojú kan tó mọ̀. Òjijì ni ó rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó lè kà. Bí ẹni rí ọmọ ìyá rẹ̀ ló ṣe rí. Inú rẹ̀ dùn ju kó lè ronú lọ. Ó nàka sí i, ó kà á sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́ pé òun mọ̀wé.

"Fín! Wọ́n kọ ọ́ pé fín."

"Fín kí ni?" ni Sàlámì wí.

Bàṣírù wò yíká. Àpò dí gbogbo fèrèsé pa. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Èéfín ẹ́ńjìnì ń yọ́ wọlé lábẹ́ ògiri. Honoré dìde lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ nímú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn olóògùn ẹ̀fọn gan-an. Ìmọ́lẹ̀ kú.

"Bàbá," ni Bàṣírù wí nínú òkùnkùn, ohùn rẹ̀ sì ti tín-ín-rín, "ó jọ pé àwa ni wọ́n fẹ́ fín."

Sàlámì kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gbé adìẹ sókè bí ẹni gbé fìtílà, ó ń ké pé wọ́n fẹ́ fín wa o, wọ́n ti dí fèrèsé. Adìẹ náà bá a ké e. Gbogbo ilé dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó fi ọ̀pá rìn wọlé, òun ló kọ́kọ́ jáde, a kò rí ọ̀pá náà títí di òní olónìí. Ilẹ̀kùn mágásì, tí ọkọ̀ èkùrọ́ kan ti fẹ̀yìn gbá rí tí kò mì, òun ni wọ́n gbé jáde tòun ti férémù. Nígbà tí wọ́n bọ́ síta, àwọn kan ń bu omi sójú, àwọn kan ń tú aṣọ gbọ̀n. Ẹnìkan ké pé epo pupa ni kí wọ́n máa mu, epo ló ń pa oró. Sàlámì kò mu tirẹ̀ kó tó ya ẹnu adìẹ rẹ̀, tó ń rọ epo sí i lọ́fun.

Sàdíátù ti sá gun orí àpótí tó fi ń jókòó kí wọ́n má bàa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó bèèrè ohun tó dé. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ fín wọn. Ó bèèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjà nàka sí Bàṣírù, ìka tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pọ̀ tó láti fi kọ́ ọgbà. Honoré náà jáde, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun kò mọ ohun tí òun ṣe, òun kàn fẹ́ sọ fún wọn pé sinimá ti parí ni.

Ó yé Sàdíátù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó di ikùn mú, omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá, Faransé ni. 'Fẹ́n' ni wọ́n ń pè é. Ó parí ni ó túmọ̀ sí."

Ọjà rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó wà ní Ìgólò rò pé wọ́n ti tún gba òmìnira mìíràn. Sàlámì nìkan ni kò rín. Ó gbé adìẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bí kò bá lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yẹn," ó ní, "gbogbo èyí tó ti ń sọ fún mi láti ọ̀sán ń kọ́?"

Sàdíátù wo Bàṣírù, Bàṣírù wo ilẹ̀. Baba ní kó má purọ́ fún òun. Ó wá sọ ọ́ bí Honoré ti sọ ọ́ fún un kí sinimá tó bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni yọ ẹ̀gún: pé dókítà ni arúgbó yẹn, àìsàn ló ń ṣe obìnrin náà, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́ àbúrò rẹ̀ tó lọ wá oògùn.

Sàlámì bèèrè nípa oyin ìdána.

"Oògùn ikọ́ ni, Bàbá."

"Nítorí náà, kò sí ẹni tó fẹ́ ẹnikẹ́ni?"

Sàdíátù ní kò sí.

Bàṣírù wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó ṣe lójú ọjà rí. Ó ṣí akoto rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ tì í. Ó ní, "Bàbá, n kò gbọ́ Faransé. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ ni mo ń sọ fún yín."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Sàlámì ní òun ti ṣe ìlérí, àgbàlagbà kì í sì í jẹ ìlérí rẹ̀ bí ẹ̀pà. Láti òní lọ, Sákétè ni kẹ̀kẹ́ òun yóò ti máa gba atẹ́gùn. Ó na ọwọ́ sí adìẹ rẹ̀.

Nígbà náà ni Sàdíátù sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, ó kúnlẹ̀ níwájú baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Bàbá, Faransé tí ẹ ń wá kiri, ó wà nílé yín. Èmi gbọ́ ọ. Bí ẹ bá kọjá Ìgólò tán, Ìdírókò ló kàn. Ta ni yóò bá yín sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀?"

Sàlámì kò ro ìyẹn rí. Ó wo ọ̀nà Ìgólò, ó tún wo òkè ọ̀hún, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹnubodè ní ojú méjì.

Sàdíátù ní bí òun bá fẹ́ ẹni tó gbọ́ Faransé, ẹni méjì ni yóò máa sọ̀rọ̀ ní Ìgólò, odi ni gbogbo wọn yóò sì yà ní Ìdírókò. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé baba kò fẹ́ kí ọmọbìnrin dá dúró níwájú aṣọ́bodè, ọkọ rẹ̀ yóò dúró tì í. Ẹni náà kò gbọ́dọ̀ lanu ni, ìyẹn nìkan ni òun yóò fi kún un. Obìnrin oníyọ̀ ní ọ̀rọ̀ ti tán. Adìẹ náà, tí okùn ti já lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí epo sì ti rọ̀ lọ́fun, rìn tàgétàgé lọ sínú akoto Bàṣírù, ó sì yé ẹyin sí i. Bí èyí kò bá wọ̀ yín létí, ẹ fi í sílẹ̀; akoto ọ̀hún wà níbẹ̀, àmì rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Sàlámì mú ẹyin náà, ó nu epo ara rẹ̀, ó fi í lé Bàṣírù lọ́wọ́. Ó gbá adìẹ mú, ó ń lọ kírun Àlásàrí. Ó ti rìn díẹ̀ kó tó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Dìde, kí o wá tún ilẹ̀kùn onínǹkan ṣe."

Wọ́n so yìgì wọn lẹ́yìn ìkórè. Nígbà tí àlùfáà ṣe àdúà tán, tí gbogbo ènìyàn ṣe àmín, ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn pé "Fín!", àlùfáà pàápàá sì fi ìwé bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá tán ní Ìfọ̀nyìn, bí ọbẹ̀ ni, bí òjò ni, bí ẹjọ́ ni, a kì í sọ pé ó parí. A máa ń ní ó ti fín. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sì jábọ́ lórí Bàṣírù wẹ́rẹ́ bí ewé ọ̀dàn, Bàbá Fín sì rọ́pò rẹ̀. Kò tún pe ibí ní òkè òkun mọ́, àfi bó bá ń ṣàìsàn.

Ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ gbé gààrí lọ, Sàdíátù bá àwọn aṣọ́bodè Ìgólò sọ Faransé débi pé wọ́n bá wọn ti kẹ̀kẹ́. Ẹyẹlé kan kò rí nǹkan jẹ. Sàlámì ń yan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n dé Ìdírókò. Ọ̀gá aṣọ́bodè ibẹ̀ dìde, aṣọ rẹ̀ le gbọingbọin. Sàlámì fà sẹ́yìn, ó ti àna rẹ̀ síwájú, ó ní àkókò rẹ̀ ti tó, kó fọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀gá náà wo ẹrù, ó wo baba, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé gààrí lẹ kó wá fún wa?"

Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Sàlámì yíjú, ó ń wá àna rẹ̀. Bàṣírù ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ táyà tí kò jò, kò sì gbé orí sókè títí wọ́n fi kọjá.